Má tíì tò 383 yẹn pọ̀ o

Àbúrò, ìbéèrè rẹ yé mi. O ra kráńkì (irin tó ń yípo nínú ẹ́ńjìnì), rọ́ọ̀dù (apá tó so ó mọ́ písítìnì) àti písítìnì 383 (bí ẹ́ńjìnì ṣe tóbi tó nìyẹn, ní íǹṣì kúbíìkì) láti Amẹ́ríkà fún Chevrolet Camaro rẹ, wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé wọ́n ti ṣe bálánsì rẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti mú ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba kó má baà gbọ̀n, mẹkáníìkì rẹ sì ní kẹ́ ẹ ṣáà máa tò ó. O wá ń bèèrè bóyá ó tún yẹ kó o náwó sí bálánsì. Ó yẹ. Èmi náà gba páálí gbọ́ nígbà kan.

350 ni ẹ́ńjìnì tèmi, ní Ládípọ̀ ni mo ti rà á. A gbẹ́ ojú sílíńdà rẹ̀ sí 4.030 íǹṣì, a fi kráńkì tí ìrìn rẹ̀ (bí písítìnì ṣe ń rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀) jẹ́ 3.75 íǹṣì rọ́pò èyí tó bá a wá, tí tiẹ̀ jẹ́ 3.48. Lítà 5.7 di 6.3 nìyẹn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dún ní Mushin, àwọn ọmọ iṣẹ́ hó yèè. Àmọ́ bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ kọjá ìyípo 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, gbogbo ara ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Lórí Third Mainland, mo wo dígí, mi ò mọ̀ bóyá dánfó ló wà lẹ́yìn mi ni àbí táńkà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ ìjókòó ẹ́ńjìnì. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n lọ wádìí bóyá ẹni tó ni ẹ́ńjìnì náà tẹ́lẹ̀ kú sínú ọkọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹrin, iná ọ́ìlì ń tàn bí ẹ́ńjìnì bá ti gbóná. A tú u: béárìnì tó kẹ́yìn, èyí tó wà nítòsí fúláìwíìlì (irin rìbìtì ńlá tó wà lẹ́yìn kráńkì), ti jẹ títí bàbà fi yọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Irú kráńkì 400 ni wọ́n tà fún mi. Ìwọ̀n tó wà lára kráńkì 400 kò tó láti dá gbé písítìnì àti rọ́ọ̀dù rẹ̀, torí náà Chevrolet fi ìyókù sára fúláìwíìlì àti púlì iwájú. 350 àtijọ́ ò rí bẹ́ẹ̀, inú kráńkì ni gbogbo ìwọ̀n tiẹ̀ wà. Èmi wá lọ fi fúláìwíìlì àti púlì 350 sára kráńkì 400. Ihò nọ́ọ̀tì wọn bára mu, ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. 350 ti ọdún 1986 wá sókè tún yàtọ̀: fúláìwíìlì nìkan ló ní ìwọ̀n lára, púlì ò ní.

Nítorí náà, bí páálí bá ní wọ́n ti ṣe bálánsì, bi wọ́n pé: pẹ̀lú písítìnì wo? Fúláìwíìlì wo? Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kì í gbọ̀n nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ láìtẹ̀ ẹ́. Bí eré ẹ́ńjìnì bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń mú kó gbọ̀n á di ìlọ́po mẹ́rin.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó (ó kọ́kọ́ rò pé orí mi ti yí). Nínú písítìnì mẹ́jọ, gíráàmù mẹ́fà ló wà láàárín èyí tó wúwo jù àti èyí tó fúyẹ́ jù. A ha àwọn tó wúwo lábẹ́ títí gbogbo wọn fi dọ́gba. Ní ti rọ́ọ̀dù, orí méjèèjì lo máa wọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó nà gbọọrọ, torí orí ńlá ń yípo pẹ̀lú kráńkì ni, orí kékeré ń bá písítìnì gòkè sọ̀ kalẹ̀. Rọ́ọ̀dù méjì ló ń pín ọrùn kráńkì kan (ibi tí orí ńlá wọn ti dì mọ́ ọn) nínú V8 yìí. Gbogbo ìwọ̀n orí ńlá méjèèjì àti béárìnì wọn, pẹ̀lú ìdajì ohun tó ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ríǹgì àti pínnì písítìnì náà wà nínú rẹ̀, àti gíráàmù díẹ̀ fún ọ́ìlì: iye yẹn ni wọ́n máa so mọ́ ọrùn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó yí kráńkì lórí ẹ̀rọ. Bí irin ìdọ́gba, èyí tó wà lára kráńkì ní òdìkejì ọrùn, bá wúwo jù, wọ́n á lu ihò sí i. Bó bá fúyẹ́, tungsten ni wọ́n máa tì bọ ihò náà, ìyẹn sì wọ́n bí ojú. (Àwọn oní-Camry onísílíńdà mẹ́rin, ẹ̀yin ò nílò à ń so ìwọ̀n mọ́ ọrùn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí písítìnì àti rọ́ọ̀dù yín dọ́gba.)

Kó o tó gbé e lọ ṣe bálánsì, kọ́kọ́ tò ó gbẹrẹfu, kó o sì fi ọwọ́ yí i. Rọ́ọ̀dù 383 máa ń kan ìsàlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, ó sì lè kan káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù). Bó bá kan búlọ́ọ̀kù, ha búlọ́ọ̀kù níbẹ̀; bó bá kan káàmù, ara rọ́ọ̀dù ni kó o ha, kì í ṣe káàmù. Èmi ti ṣe bálánsì tán kí n tó ha rọ́ọ̀dù méjì, mo sì tún san owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Fúláìwíìlì àti púlì tó o máa lò gan-an ni kó o gbé dání, kì í ṣe irú wọn. Bí ọ̀gá tó fẹ́ ṣe é bá kàn gbé kráńkì lé irin méjì tó ń wò ó bóyá á dúró, gba ẹrù rẹ. Ìyẹn ò lè fi hàn bí orí kráńkì kan bá ń fa ọ̀tún tí ìkejì ń fa òsì.

Lọ wo síìlì ẹ̀yìn kráńkì (ohun tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) inú búlọ́ọ̀kù rẹ báyìí: ṣé ẹyọ kan ni, bíi ti 1986 wá sókè, àbí ìlàjì méjì, bíi ti àtijọ́? Fèsì, màá sọ irú fúláìwíìlì tó o máa wá fún ẹ.