Highway Code tàbí fídíò: èwo ni kí awakọ̀ tó ti ilé wá gbára lé nílùú ọba?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún 12 ni mo fi wakọ̀ ní Ìbàdàn kí n tó wá sí Manchester. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú lórí Highway Code, ìwé òfin ojú ọ̀nà tí ìjọba ń tẹ̀, pé fídíò àti áàpù ìdánwò ti tó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Tí mo bá sì máa kà á, báwo ni kí n ṣe kà á?

Ìdáhùn: Ẹ ka ìwé náà, kí ẹ sì kà á kí ẹ tó fọwọ́ kan áàpù kankan. Áàpù ń dán yín wò lórí ohun tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ ni, kì í sọ ìdí rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni ìdánwò àkọsílẹ̀ (theory test) dúró lé: Highway Code, Know Your Traffic Signs, àti Driving – the essential skills. Méjì àkọ́kọ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba, ẹ kò ní san kọ́bọ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Láísẹ́ǹsì Nàìjíríà kò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá èèyàn pààrọ̀ níbí. Oṣù 12 péré ni ẹ lè fi í wakọ̀, ọjọ́ tí ẹ di olùgbé ìlú yìí ni wọ́n sì ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ra mọ́tò. Tó bá ti pé, ẹ gbọ́dọ̀ ní provisional, ìyẹn láísẹ́ǹsì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, kí ẹ lẹ àmì L mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn mọ́tò, kí ẹni tó ti tó ọmọ ọdún 21, tó ti ní láísẹ́ǹsì kíkún fún ọdún 3, sì jókòó tì yín. Ẹni tó bá ń dá wakọ̀ lọ lẹ́yìn ìgbà náà ń fi ìnṣọ́ránsì rẹ̀ wewu.

Ó yá, ìwé náà. Ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ máa ṣọ́ nínú rẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí MUST tàbí MUST NOT ní lẹ́tà ńlá, òfin ìlú ni. Ẹni tó bá rú u ti dáràn. Ibi tó bá kọ should, ìmọ̀ràn ni, àìtẹ̀lé e nìkan kò sọ èèyàn di ọ̀daràn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, wọ́n á ní ìmọ̀ràn lásán ni. Abala 38 nínú Road Traffic Act 1988 gbà kí wọ́n fi àìtẹ̀lé ìmọ̀ràn náà ṣe ẹ̀rí ní kóòtù. Ẹ wo ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn: tó bá ti wà lórí síbírà, MUST ni, ẹ gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá jẹ́ pé ó dúró létí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ yà sí, tó fẹ́ sọdá, should ni, òfin H2 nínú ìwé náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yà lu ẹni kejì yìí, H2 yẹn ni lọ́yà rẹ̀ máa kà sétí adájọ́.

Lójú tèmi, ẹni tó ti mọ mọ́tò wà tẹ́lẹ̀ nílò ìwé yìí ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ. Ọwọ́ rẹ̀ á ti ṣe ohun tó mọ́ ọn lára kí ojú tó rí àmì. Nàìjíríà ti kúrò ní apá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà ní ráńdábáọ̀tù, apá òsì ni ojú yín á kọ́kọ́ lọ. Níbí, ọ̀tún ni mọ́tò tí ẹ máa yà fún ti ń bọ̀.

Iná ni ó tún máa ń kó àwọn èèyàn wa sí wàhálà. Nílé, ọ̀pọ̀ ń tan iná méjèèjì pọ̀, tí a ń pè ní double pointer, tí wọ́n bá fẹ́ lọ tààrà ní oríta tàbí tí òjò bá ń rọ̀. Òfin 116 ní MUST NOT: mọ́tò tó ń lọ kò gbọ́dọ̀ tan án, àfi lórí mọ́tòwéè àti irú ọ̀nà ńlá bẹ́ẹ̀, láti ta ẹni ẹ̀yìn lólobó pé ewu wà níwájú. Ìdí rẹ̀ ni pé tí méjèèjì bá ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí ẹ fẹ́ yà sí. Iná iwájú ńkọ́? Òfin 110 ní kí ẹ fi sọ pé ẹ wà níbẹ̀ nìkan, kì í ṣe “kúrò lọ́nà” tàbí “máa bọ̀”. Hòǹ náà ní àkókò tirẹ̀: láàárín ìlú, ẹ kò gbọ́dọ̀ fọn ọ́n láti aago 11:30 alẹ́ sí aago 7 òwúrọ̀, mọ́tò tó dúró kò sì gbọ́dọ̀ fọn ọ́n rárá, àfi tí mọ́tò mìíràn bá fẹ́ kó o sí ewu.

Ẹ má fo àtẹ ìdúró mọ́tò. Ní 30 máìlì ní wákàtí, mítà 23 ni mọ́tò ń lọ kó tó dúró: 9 kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, 14 lẹ́yìn náà. Ní 60, kì í ṣe 46, mítà 73 ni: 18 àti 55. Eré di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ti bíréèkì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 sílẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò iwájú, ó kéré tán 4 tí ilẹ̀ bá tutù.

Ọ̀rẹ́ yín kò ṣìnà tán o. Ìdánwò náà ní apá méjì. Ní ti ìbéèrè 50, ẹ gbọ́dọ̀ gba 43 láàárín ìṣẹ́jú 57, ìwé ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní ti apá tí wọ́n ti ń wo ewu tó ń bọ̀, 44 nínú 75, fídíò ló dára jù, nítorí ìwé kò lè kọ́ ojú ní bí wọ́n ṣe ń tètè rí nǹkan.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní kẹ̀ẹ̀kẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní H1 sí H3, ẹ bọ́ sí òfin 103 títí dé 203, lẹ́yìn náà 204 sí 225, kí ẹ tó wá lọ sí mọ́tòwéè ní 253. Ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó bá yàtọ̀ sí bí ẹ ṣe ń ṣe é n'Íbàdàn. Àwọn ìlà wọ̀nyẹn ni kí ẹ padà kà ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò.

Tó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ni ẹ rà, ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ti ṣáájú 2022 kò ní H1 sí H3 nínú rárá. Wales sì ti sọ òdiwọ̀n eré 30 máìlì ní wákàtí di 20 ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tó ní iná òpópónà láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Ti orí GOV.UK ni wọ́n ń tún ṣe lóòrèkóòrè. Ẹ fi ímeèlì yín sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á máa fi tó yín létí tí nǹkan bá yí padà.