Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Owó Ìpolongo Ìbò

Olùkà kan ní Ìkìrun: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo gbọ́ pé òfin dá iye tí olùdíje lè ná. Owó tí à ń rí lójú títì ńkọ́?

Òfin dá a lóòótọ́. Òfin Ìdìbò 2022, tí wọ́n fi ṣe ìbò 2023, fi gbèdéke lé e nígbà náà: bílíọ̀nù 5 náírà fún ẹni tó ń du ipò ààrẹ, bílíọ̀nù 1 fún gómìnà, mílíọ̀nù 100 fún sẹ́nétọ̀, mílíọ̀nù 70 fún ilé aṣojú-ṣòfin, mílíọ̀nù 30 fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Lábẹ́ òfin 2010, bílíọ̀nù 1 ni ti ààrẹ.

Ohun tí òfin yọ kúrò nínú ìṣirò ni kí ẹ wò. Ohun tí olùdíje bá ti ná kí INEC, àjọ tó ń ṣètò ìbò, tó kéde ọjọ́ ìbò, wọn kì í kà á. Èyí tí ẹgbẹ́ bá ná lórí rẹ̀, wọn kì í kà á mọ́ ọn lọ́rùn. Nítorí náà ni pátákó ńlá fi ń yọ lójú títì nígbà tí ìbò ṣì jìnnà, tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì pe ara rẹ̀ ní olùdíje.

Ẹ tún bá wa ṣírò èyí. Ibùdó ìdìbò 176,846 ló wà ní Nàìjíríà. Bí wọ́n bá fi aṣojú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tó ń ṣọ́ ìbò fún ẹgbẹ́, sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún un ní ẹgbẹ̀rún 10 náírà owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, bílíọ̀nù 1.77 ti lọ lọ́jọ́ kan. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbèdéke ààrẹ ti òfin 2022, ẹnikẹ́ni kò sì tíì san owó rédíò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ló ń yan aṣojú. Bí ẹgbẹ́ bá san án, gbèdéke olùdíje kò mì.

Ìjìyà ńkọ́? Lábẹ́ òfin 2022, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke náà ni, ìyẹn mílíọ̀nù 50 fún ẹni tó ń du ipò ààrẹ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 12 lọ, tàbí méjèèjì. Ẹgbẹ́ APC gba mílíọ̀nù 100 lórí fọ́ọ̀mù ààrẹ nìkan lọ́dún 2022. Ta ni mílíọ̀nù 50 yóò bà lẹ́rù níbẹ̀?

Olùkà kan ní Peckham, Lọ́ńdọ̀nù: Ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ṣé mo lè fi páùn 200 ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mi nílé?

Ẹ má fi ránṣẹ́. Abala 225 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ mú owó tó ti òkè òkun wá sọ́wọ́; láàárín ọjọ́ 21 ni kí wọ́n kó o fún INEC. Ibi tí owó ti wá ni òfin ń wò, kì í ṣe ìwé ìrìnnà ẹni tó fi ránṣẹ́.

Olùkà kan ní Ìbàdàn: Mo ní ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Olùdíje kan ní kí n fi mílíọ̀nù 5 ti òun lẹ́yìn.

Bí ẹ bá ti fi orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́ḿpìnì, ẹ má fọwọ́ kan àkáǹtì rẹ̀. Òfin kọ́ḿpìnì ti 2020, abala 43, ka fífi owó tàbí ohun ìní ilé-iṣẹ́ ṣètìlẹ́yìn òṣèlú léèwọ̀. Lọ́ọ̀rì búlọ́ọ̀kù kan náà wà nínú rẹ̀ o. Àwọn tó fọwọ́ sí i ni yóò dá owó náà padà láti àpò ara wọn, wọn yóò tún san iye kan náà ní ìtanràn. Mílíọ̀nù 5 á wá di 10.

Òfin Ìdìbò 2022 dárúkọ ènìyàn tàbí àjọ mìíràn, tí ilé-iṣẹ́ lè wà nínú rẹ̀, níbi tó ti ní ìtìlẹ́yìn kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 50 lọ fún olùdíje kan, àwọn kan sì ń di ìyẹn mú. Àwa kò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ fi owó yín dán an wò. Láti àpò ara yín ni kí ó ti jáde, láti báńkì sí báńkì, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Lábẹ́ òfin 2022, ohun tó bá lé ní mílíọ̀nù 1, ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tó fún un sínú ìwé.

Olùkà kan ní Adó-Èkìtì: Ẹni tó ra ìbò, báwo ló ṣe ń mọ̀ pé wọ́n dì í fún òun?

Ẹ̀yin ará Èkìtì lẹ ṣáà mọ “dìbò kí o sebẹ̀” ti 2018! Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni pé kí olùdìbò ṣí ìwé rẹ̀ han ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, tàbí kí ó fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ìdí nìyí tí INEC fi ní kí ẹnikẹ́ni má mú fóònù wọ ibi tí a ti ń tẹ̀ka. Àwọn mìíràn ń kọ nọ́ńbà àkáǹtì sílẹ̀, wọ́n á tẹ owó sí i lẹ́yìn tí èsì wọ́ọ̀dù bá jáde. Níbẹ̀, èsì wọ́ọ̀dù ni wọ́n fi ń díwọ̀n, torí kò sí orúkọ lórí ìwé ìdìbò. Ẹ ká ìwé yín kí àmì ìka wà nínú kí ẹ tó jáde, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Abala 121 nínú Òfin Ìdìbò 2022 kò sì dá ẹni tó gbà sí: ìtanràn ẹgbẹ̀rún 500 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 12, tàbí méjèèjì, bákan náà pẹ̀lú ẹni tó fún un.