Kí ló pa ẹ̀bùn, ìgbéyàwó àti májèlé pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ “gift”?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì rí “Gift” lára ike kan tí wọ́n ya agbárí òkú sí. Ṣebí ẹ̀bùn ni gift?

Ìdáhùn: Kí àbúrò yín má fọwọ́ kàn án o! Lédè Jámánì, májèlé ni Gift. Geschenk ni wọ́n ń pe ẹ̀bùn. Síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni Gift tiwọn àti gift ti Gẹ̀ẹ́sì. Ara ọ̀rọ̀ fífún ni méjèèjì ti yọ: geben ni Jámánì ń pè é, Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní give.

Báwo ni fífún ṣe wá di májèlé? Àwọn Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ kan, dosis, tó túmọ̀ sí “fífún”, òun náà ni wọ́n ń pe ìwọ̀n oògùn tí wọ́n ń fún aláìsàn. Èdè Látìn yá a lò, àwọn Jámánì sì fi Gift túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń fi bo ohun burúkú lórí ni. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àgbà bá rẹ ohùn sílẹ̀ tó ní, “Wọ́n fún un jẹ ni,” ta ni yóò tún béèrè pé iyán ni àbí ẹ̀bà? Nígbà tó yá, májèlé gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹ̀bùn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ àtijọ́ ṣì wà nínú Mitgift, ẹrù tí òbí ìyàwó ń dì fún un lọ sílé ọkọ.

Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó ti wọ̀ ọ́. Ní Swídìn, bí wọ́n bá bi yín pé “Är du gift?”, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti ṣègbéyàwó ni. Bí a ṣe ń sọ pé a fi ọmọ fọ́kọ náà nìyẹn. Gift náà ni wọ́n tún ń pe májèlé! Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ pàápàá, owó orí ìyàwó ni gift. Èdè àwọn Viking, ìyẹn àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé àtijọ́, tí ọmọ ogun wọn ya wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 865, ló mú ìtumọ̀ ẹ̀bùn tí a mọ̀ lónìí wá.

Bí àbúrò yín bá wá kọjá sí Họ́láńdì, kó la ojú rẹ̀ dáadáa: gift níbẹ̀ ni ẹ̀bùn, gif ni májèlé. Lẹ́tà t kan ló wà láàárín wọn.