Ìbéèrè Òǹkàwé: Mùsùlùmí Tó Ń Ṣọ́ Ojúbọ Híńdù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín láti Kàbà, òkun o. Mùsùlùmí ni mí, ilé ECWA sì ni wọ́n ti bí ìyàwó mi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ ara wa, Iléyá àti Kérésìmesì kì í kọjá kí abọ́ oúnjẹ má ti ilé kan dé èkejì. Mo sọ fún àna mi kan pé mo kà á pé àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Pakísítánì máa ń bá àwọn Híńdù ṣọ́ ojúbọ kan tó wà nínú aṣálẹ̀, ó sì ní irọ́ pátápátá ni, pé ẹlẹ́sìn kan kì í ṣọ́ ojúbọ ẹlòmíràn. Èwo ni ká gbà nínú méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àna yín náà kò ṣàìní ìdí. Hinglaj ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ó wà ní agbègbè Lasbela ní ìpínlẹ̀ Balochistan, nítòsí etí òkun Makran, ó sì fi nǹkan bí 250 kìlómítà jìnnà sí ìlú Karachi. Ihò àpáta ni ojúbọ náà. Kò sí ère tí ọwọ́ ènìyàn gbẹ́ nínú rẹ̀, bí kò ṣe òkúta kan tí wọ́n fi ẹ̀tù pupa tó jọ osùn kùn. Àwọn Híńdù gbà pé nígbà tí Sati, ìyàwó òrìṣà wọn Shiva, kú nítorí ìwọ̀sí tí bàbá rẹ̀ fi kan ọkọ rẹ̀, Shiva gbé òkú rẹ̀ kiri títí Vishnu, òrìṣà wọn mìíràn, fi gé e sí wẹ́wẹ́, Hinglaj sì ni orí rẹ̀ bọ́ sí.

Oṣù kẹrin ọdún ni àwọn Híńdù máa ń rin ìrìn-àjò ńlá lọ síbẹ̀ láti jọ́sìn. Kí wọ́n tó dé ojúbọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn a kọ́kọ́ gun òkè Chandragup, níbi tí afẹ́fẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ti ń ti ẹrẹ̀ jáde bí ẹ̀kọ tó ń hó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn, tí wọ́n sì ń ju àgbọn sínú ẹrẹ̀. Kí wọ́n tó ṣí ọ̀nà ọlọ́dà etí òkun Makran ní nǹkan bí ọdún 2004, ẹsẹ̀ àti ràkúnmí ni wọ́n fi ń la aṣálẹ̀ náà já fún ọjọ́ púpọ̀, irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé rìn láìrí ojúure àwọn ará ọ̀nà, tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí.

Àwọn ará ọ̀nà yìí ní orúkọ tiwọn fún ojúbọ náà. Nani ni wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe ìyá tó bí ìyá ẹni, wọ́n sì ń pe ìrìn-àjò náà ní Hájì Nani. Lójú tèmi, orúkọ yìí ló dáhùn ìbéèrè yín jù lọ, nítorí ènìyàn kì í fi ojú àlejò wo ìyá àgbà, ẹ̀sìn yòówù tó bá ń ṣe. Àwa ará ilẹ̀ Okun mọ irú rẹ̀ nílé: bí ọdún egúngún bá dé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ń wálé, ọmọ mọ́sálásí ń wálé. Ní ọdún 2008 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí ètò ìsédò lórí odò Hingol fẹ́ dé ibi ojúbọ náà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Balochistan, tí Mùsùlùmí pọ̀ jù nínú wọn, ni wọ́n ní kí ìjọba àpapọ̀ dáwọ́ dúró.

Ẹ má sì fi èyí sọ pé gbogbo Pakísítánì rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2017, àwọn Híńdù kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn níbẹ̀, àti pé ní ìparí ọdún 2020, èrò rọ́ lu ojúbọ Híńdù kan ní agbègbè Karak, wọ́n sì dáná sun ún. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló pàṣẹ pé kí wọ́n tún un kọ́. Irú ìròyìn yìí ni mo rò pé àna yín ti gbọ́.

Bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Nani, ti àwọn àáfà nìyẹn. Wọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀ níbẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àna yín pé Mùsùlùmí tó ń ṣọ́ ẹnu ihò Hinglaj kò tíì di Híńdù, bí òun náà kò ṣe di Mùsùlùmí ní gbogbo ọdún tó ti ń bá yín jẹ ẹran Iléyá.