Ọmọ ọwọ́ àti ọmọ ajá tó ń ké lóru: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú àìsùn, ẹ sì kú ọwọ́ lómi. Ẹ sọ pé ọmọ yín jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 6, pé ọmọ ajá kan pẹ̀lú ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé yín, pé àwọn méjèèjì kò jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé kí a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sunkún títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Èmi àti ìyàwó mi ti gba ọ̀nà yìí kọjá, mo sì ṣe àṣìṣe sí apá méjèèjì: mo pẹ́ jù kí n tó dá ọmọ ajá lóhùn, mo sì yá jù nígbà tó kan ọmọ èèyàn.

Ọmọ ajá ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 ni nígbà tí a gbà á, kò sì tíì sùn ní òru kan rí láìfara kan ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹnìkan tí mo gbà pé ó mọ̀ nípa ajá ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi lè dìde lẹ́ẹ̀kan, ajá náà yóò sọ mí di ẹrú rẹ̀. Nítorí náà mo gbé àgò onírin tó ń sùn sí lọ sí ilé ìdáná, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo sì fi ìrọ̀rí bo etí. Ní òru àkọ́kọ́, ó ké fún bíi wákàtí 2. Nígbà tí yóò fi di òru kẹta, ó ti tọ̀ sínú àgò, ó ti yí ara mọ́ ọn, ó sì ti fi eyín ha irin títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá sì rí àgò náà ní ọ̀sán gangan, ṣe ni yóò máa gbọ̀n. Mo rò pé mo ń kọ́ ọ ní sùúrù, ẹ̀rù ni mo ń kọ́ ọ.

Ní òru kẹrin, mo gbé àgò náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, níbi tí ọwọ́ mi ti lè kàn án láìdìde. Bí ó bá ti ń kùn, màá na ìka sí i kí ó gbóòórùn mi, ó sì sábà máa ń dákẹ́. Bí kò bá dákẹ́, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, nítorí ọmọ ajá oṣù 2 kò lè di ìtọ̀ mú ju wákàtí 2 sí 3 lọ. Mo máa ń gbé e jáde láìtan iná, láìbá a sọ̀rọ̀, láìbá a ṣeré, bí ó bá sì ti tọ̀ tán, inú àgò ló ń padà sí. (Ìwọ̀nba òótọ́ tó wà nínú ìkìlọ̀ ọjọ́sí nìyí: bí ajá bá rí i pé ẹkún ń mú eré wá, yóò máa sun ún nítorí eré.) Láàárín bíi ọjọ́ mẹ́wàá, ó ti ń sùn, mo sì wá ń sún àgò náà díẹ̀díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí ọmọ wa dé, mo ti pinnu pé ohun ẹlẹ́mìí kankan kò ní sunkún nínú ilé mi mọ́. Bí ó bá ti kùn báyìí, mo ti gbé e. Ìyàwó mi ló kíyè sí i pé ojú ọmọ náà máa ń wà ní pípadé nígbà tí mo bá ń gbé e, àti pé èmi gan-an ni mo ń jí i. Nǹkan bí ìdajì oorun ìkókó ni kì í dúró jẹ́ẹ́: yóò máa ju apá, yóò máa fajú ro, yóò máa kùn, ó tilẹ̀ lè ké lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì láìjí rárá. Láti ìgbà náà ni mo ti ń jókòó sí etí ibùsùn, tí mo ń ka ení, èjì títí dé 30, kí n tó na ọwọ́. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ bá là, tí ó ń fi ẹnu wá ọmú kiri tàbí tí ó ń ki ọwọ́ bọ ẹnu, ebi ni. Ẹ má dúró de igbe, nítorí ọmọ tó ti ké kọjá àlà kì í gba ọmú bọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ 6 yìí gan-an ni ẹkún ìkókó sábà máa ń pọ̀ jù, ó sì máa ń rọlẹ̀ nígbà tí ọmọ bá tó oṣù 3 sí 4. Ikùn rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ kò sì tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán. Kò gbìmọ̀ kankan sí yín. Àwọn tó ń kọ́ ọmọ láti dá sùn sábà máa ń dúró di oṣù 4 sí 6, èmi kò sì bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ yín kò tíì débẹ̀. Silvia Bell àti Mary Ainsworth, àwọn onímọ̀ nípa ìdàgbàsókè ọmọ tí wọ́n ṣàkíyèsí ìyá 26 pẹ̀lú ọmọ wọn, kọ ọ́ ní 1972 pé àwọn ọmọ tí a tètè dá lóhùn ní oṣù àkọ́kọ́ ni ẹkún wọn dínkù nígbà tó yá. Àwọn onímọ̀ mìíràn bá wọn jiyàn, n kò sì ní fi ìwádìí kan ṣoṣo búra, àmọ́ ohun tí mo rí nínú ilé mi kò yàtọ̀ sí i.

Òru kan wà tí n kò fẹ́ràn láti máa rántí. Ọmọ ti jẹun, ìlédìí rẹ̀ gbẹ, síbẹ̀ kò dákẹ́, mo sì rí i pé bí mo ti ń dì í mú ti le ju bó ti yẹ lọ. Mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀ lórí ibùsùn rẹ̀, mo jáde, mo fi omi bọ́jú, mo sì padà wọlé lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 5. Ẹkún ìṣẹ́jú 5 kò pa ọmọ lára. Mímì ọmọ jìgìjìgì lè pa á. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 38 dígírì, ilé ìwòsàn ni ní òru náà, kì í ṣe àárọ̀. Ọmọ ajá tó ń bì, tó ń ṣu omi, tí kò sì jẹun, dókítà ẹranko ló yẹ kó rí i kíákíá.

Ẹ má ṣe fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ láìsí àgbà níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì jọ ké lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò sí ẹni tí yóò ràn yín lọ́wọ́, ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn. Bí ajá bá tọ̀ sílẹ̀, ẹ ó nù ún.