Ìbéèrè tí aṣòfin ń kọ sí mínísítà ìlera: ohun tí ojú èmi rí kó tó mú èso jáde

Arábìnrin wa tó wà ní Manchester béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ọmọ òun ní fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ìrora ní ilé ìwòsàn fún wákàtí mẹ́ta, òun wá gbé ẹjọ́ náà lọ bá MP òun, ìyẹn aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò òun. MP ní òun máa kọ ìbéèrè sí mínísítà ìlera nílé aṣòfin. Ìbéèrè arábìnrin wa ni pé ṣé èyí lè mú nǹkan jáde, àbí wọ́n kàn fẹ́ fi rẹ òun lẹ́kún ni.

Ó lè mú nǹkan jáde, ìyá. Ṣùgbọ́n èyí tí èmi àti MP tèmi kọ́kọ́ kọ kò mú ohunkóhun jáde, torí pé a kò mọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Oṣù mẹ́rin gbáko ló gbà mí kí n tó rí ibi tí mo ti ṣìnà. Mi ò fẹ́ kí tiyín pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

SS ni ọmọ mi ọkùnrin. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Kejì, ìrora mú un ní itan àti ní ẹ̀yìn, a sì gbé e dé A&E, ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ilé ìwòsàn, ní aago kan òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mọ aago yẹn torí pé mo kọ ọ́ sẹ́yìn àpò-ìwé tí mo fi ń tọ́jú ètò ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà rẹ̀ ló fọwọ́ sí ètò náà: orúkọ òògùn, ìwọ̀n tí wọ́n máa fún un, àti pé kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Kì í ṣe dókítà yẹn ló dá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ o. Láti ọdún 2012 ni NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS (ètò ìlera ìjọba), ti kọ ọ́ pé ẹni tí ìrora fòníkú-fọ̀ladìde bá gbé dé ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ rí òògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó bá dé.

Mo na ìwé náà sí nọ́ọ̀sì tó wà níwájú. Ó ní ká lọ jókòó. Ọmọ mi kò lè jókòó. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó gbé orí lé àga ike, ó ń payín keke. Mo ń kọ aago: 1:40, 2:15, 3:05. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó wọ ara rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ báyìí, ẹ máa kọ aago sílẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lóru yẹn, àpò-ìwé yẹn nìkan ló wúlò lẹ́yìn ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì kejì, mo lọ bá MP wa níbi tó ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará àdúgbò, yàrá kékeré kan ní ilé ìkàwé. Ẹ rí i dájú pé MP tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ni ti àdúgbò yín gan-an, torí pé àṣà wọn ni pé aṣòfin kan kì í dá sí ẹjọ́ ará àdúgbò aṣòfin mìíràn. Bí ẹ bá sì wà ní Scotland, Wales tàbí Northern Ireland, ilé aṣòfin ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, torí ìlera ti di ọ̀rọ̀ tiwọn. Ti England ni mínísítà tó wà ní Westminster, ilé aṣòfin tó wà ní London, ń dáhùn fún. Manchester lẹ wà, ọ̀nà là fún yín.

Inú ń bí mi lọ́jọ́ náà, ìbínú yẹn ló sì wọ inú ìbéèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí MP kọ ni pé kí ni mínísítà ń ṣe sí bí àwọn ilé ìwòsàn ṣe ń fìyà jẹ àwọn ọmọ wa. Wọ́n ní kò lè wọlé bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì kan wà nílé aṣòfin tó ń yẹ gbogbo ìbéèrè wò kí wọ́n tó gbà á, Table Office lorúkọ rẹ̀. Wọn kì í gba ìbéèrè tó jẹ́ àríyànjiyàn, wọn kì í gba èyí tó ń béèrè èrò ọkàn lásán, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ mínísítà náà. A bá tún un ṣe, ó di pé kí ni mínísítà ń ṣe láti mú ìtọ́jú àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ladìde dára sí i. Ó wọlé. Èsì dé. Ìpínrọ̀ kan ni, ó ní ìjọba mọ bí àìsàn náà ṣe nira tó, àti pé NHS England ń bá iṣẹ́ lọ lórí rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò rí ibi tí mo lè dì mú.

Àṣìṣe tiwa nìyẹn. Ẹni tó bá bi mínísítà pé kí ló ń ṣe, ó ti ṣí ilẹ̀kùn fún un láti ka gbogbo ohun rere tó wà lọ́kàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè tó ní èékánná ni èyí tó béèrè iye, ọjọ́, tàbí bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan wà lọ́fíìsì MP wa tó ń bójú tó ẹjọ́ àwọn ará ìlú. Òun ló jókòó tì mí, tó fa ìwé kan yọ, tó ní kí n ka ohun tó wà lẹ́yìn àpò-ìwé mi sókè. Bí mo ṣe kà á tán, ó fi bírò fàlà sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ní, "Èyí ni ká bi wọ́n." Ìbéèrè kejì wá di pé: ní ọdún tó kọjá, ènìyàn mélòó tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ló dé A&E ní England, mélòó nínú wọn ló sì rí òògùn ìrora gbà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú?

Èsì tó dé kúrú. Kò sí àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ ìjọba ní ojú kan. Ẹ máa rí gbólóhùn yìí lọ́pọ̀ ìgbà, irú rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ nínú èsì àwọn mínísítà. Mo sunkún nígbà tí mo kà á. Mo rò pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ni.

Màmá yẹn kò sunkún. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyí. Ó ní kí n wò ó dáadáa: ìlànà wà láti 2012 pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, mínísítà sì ti fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé kò sẹ́ni tó ń kà á lókè. Èsì yẹn ní nọ́ńbà, ó ní ọjọ́, ó wà lórí ìkànnì ilé aṣòfin níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á, kò sì ṣeé pa rẹ́. Bí ó bá sì hàn pé ohun tí mínísítà sọ nílé aṣòfin kì í ṣe òótọ́, ìlànà ìwà àwọn mínísítà ní kó tún un ṣe kíákíá. Èyí tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ilé aṣòfin lọ́nà, wọ́n retí kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èsì wọn fi ń gbẹ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì gbà lẹ́nu ara wọn ṣeé fọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Láti ìgbà yẹn la ti ń so ìbéèrè mọ́ra. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ ni pé: ní àtẹ̀lé èsì ọjọ́ báyìí sí ìbéèrè nọ́ńbà báyìí, ṣé mínísítà yóò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó yẹ kí wọ́n máa kó àkọsílẹ̀ náà jọ? Kò lè sọ mọ́ pé òun kò gbọ́ rí. Lọ́sẹ̀ kan náà, èmi fúnra mi kọ̀wé sí ilé ìwòsàn náà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2000, mo ní kí wọ́n sọ fún mi bóyá wọ́n ti fìgbà kan yẹ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn wò lọ́dọ̀ tiwọn. Ogún ọjọ́ iṣẹ́ ni òfin fún wọn. Wọ́n dáhùn. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n so ìwé rẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò dára rárá.

MP wa kó ìwé méjèèjì, ti mínísítà àti ti ilé ìwòsàn, ó lọ bá àwọn ọ̀gá wọn. Mo wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ lọ́jọ́ náà pé lókè ni wọ́n ti ń bójú tó o, torí pé òkè ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò kà á. Báyìí, bí wọ́n bá ti tẹ orúkọ ọmọ mi sórí kọ̀ǹpútà níwájú A&E, ètò ìtọ́jú rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ. Nígbà tí a padà lọ nínú oṣù Kọkànlá, ìṣẹ́jú méjìlélógún ni. Ìgbà tó tún tẹ̀ lé e, ó lé ní wákàtí kan, mo sì tún kọ aago sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bí ó ṣe ń lọ, torí MP yín lè má ráyè ṣàlàyé. Ìbéèrè tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ pín sí méjì. Èyí tó wọ́pọ̀, àṣà ni pé kí èsì rẹ̀ dé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Èkejì, aṣòfin fúnra rẹ̀ ló máa dárúkọ ọjọ́ tó fẹ́ èsì. Márùn-ún péré ni aṣòfin kan lè kọ irú rẹ̀ lójúmọ́, nítorí náà ẹ má fi ti ọlọ́jọ́ ṣòfò lórí ohun tí kò kánjú. Nígbà míì ọjọ́ á pé, wọ́n á kàn kọ ọ́ pé èsì ń bọ̀. Nígbà Kòrónà, ẹ̀ka ìlera pẹ́ gan-an nínú dídáhùn, débi pé ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin tó ń bójú tó ìlànà iṣẹ́ wọn béèrè àlàyé lọ́wọ́ wọn. Ẹ tún ṣọ́ra fún ìparí sáà ilé aṣòfin: ìbéèrè tí wọn kò bá tíì dáhùn ti kú nìyẹn, àfi kí aṣòfin tún un kọ. Bí wọ́n bá rí i pé wíwá èsì náà máa ná ìjọba ju £850 lọ, wọ́n lè kọ̀ ọ́ torí owó. Ẹ má ṣe béèrè ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè ọdún kan.

Ìbéèrè ẹnu náà wà. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún márùn-ún, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mínísítà ìlera máa ń dìde dáhùn nínú ilé. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti yan orúkọ àwọn tó máa béèrè. Èmi fẹ́ràn èyí tó wà nínú ìwé jù, torí pé lẹ́nu, ariwo pọ̀, mínísítà á sì yí ọ̀rọ̀ padà kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú.

Kì í ṣe gbogbo ìbéèrè ló ń mú èsì rere wá, mi ò ní tàn yín. Ẹ wo owó òògùn. Ní England, £9.90 ni lórí òògùn kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1968 ni wọ́n ti kọ orúkọ àwọn àìsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn sanwó, fòníkú-fọ̀ladìde kò sì sí níbẹ̀ títí dòní. Wọ́n fi jẹjẹrẹ kún un ní 2009. Ní Wales, Scotland àti Northern Ireland, kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ lórí òògùn mọ́. Àwọn aṣòfin ti béèrè lórí èyí ní àìmọye ìgbà, èsì tí wọ́n sì ń gbà ni pé ìjọba kò ní i lọ́kàn láti tún àwọn orúkọ náà yẹ̀ wò. Ó dùn mí gan-an. Ọmọ wa á pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, bí kò bá sì sí lẹ́nu ẹ̀kọ́ gbogbo ọjọ́ mọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó lórí àìsàn tí wọ́n bí mọ́ ọn. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n máa béèrè, kó má baà sí mínísítà kan tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti tán nílẹ̀.

Ohun tó ń fún mi lágbára ni pé a kò dá wà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 21 kan kú sí ilé ìwòsàn ní London ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àìsàn yìí náà ni, òun náà ló fi fóònù pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, láti orí ibùsùn tó wà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn aṣòfin láti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀ladìde ṣe ìwádìí, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021. MP kan, Florence Eshalomi, tí ìyá tirẹ̀ ní àìsàn náà, ti dìde sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ nílé aṣòfin. Bí MP yín kò bá mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó ka àbọ̀ 2021 yẹn. Ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fà yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé Nàìjíríà, tó béèrè bóyá irú rẹ̀ ṣeé ṣe níbẹ̀: ìwé òfin 1999, ní ìsọ̀rí 88 àti 89, fún ilé aṣòfin àpapọ̀ lágbára láti wádìí ẹ̀ka ìjọba, kí wọ́n sì pe ẹnikẹ́ni wá jẹ́rìí. Ìsọ̀rí 67 sì jẹ́ kí wọ́n lè pe mínísítà wá ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlera ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí aṣojú àdúgbò yín.

Arábìnrin mi ní Manchester, ẹ jọ̀wọ́, kí MP yín tó fi tiyín sílẹ̀, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà á. Bí ẹ bá rí "kí ni mínísítà ń ṣe" níbẹ̀, ẹ ní kó yọ ọ́, kó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i. Bí èsì bá dé, ẹ da nọ́ńbà rẹ̀ kọ, ẹ gbé e wá síbí, màá bá yín jókòó ti èkejì. Kí ara ọmọ náà le o. Ṣé ó ti ń sùn dáadáa báyìí?