Ẹ má kọ "legal mail" sára ìwé tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sẹ́wọ̀n

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin wà lẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ku ọdún méjì kó jáde. Ó ní "low" ni wọ́n ń pe ọgbà tí òun wà. Mo fẹ́ fi Bíbélì Yorùbá onísíìpù, ìwé ìtàn Yorùbá mẹ́ta àti lẹ́tà ránṣẹ́ sí i. Ajẹ́ǹtì kan níbí ní wọn kì í gba ìwé Yorùbá wọlé torí pé wọ́dà ò lè kà á, àfi kí òun kọ "legal mail", ìyẹn lẹ́tà agbẹjọ́rò, sára ẹ̀ kí wọ́n má baà ṣí i. 80,000 náírà ló fẹ́ gbà. Ṣé kí n san án? Ìyá kan, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ẹ má san án, mà. Bí ẹ bá ti san díẹ̀ níbẹ̀, ẹ lọ gbà á padà lónìí.

Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹni kẹrin tó máa bi mí nírú ẹ̀ láàárín oṣù méjì, àfi bíi pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà ni àwọn ajẹ́ǹtì yìí ti kọ́ṣẹ́. Lóòótọ́, lẹ́tà agbẹjọ́rò ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀ lẹ́wọ̀n ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì gbọ́dọ̀ hàn lójú àpòòwé rẹ̀: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, tó hàn kedere pé agbẹjọ́rò ni, àti gbólóhùn tó ní kí wọ́n ṣí i níṣojú ẹlẹ́wọ̀n nìkan. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, mà: kí wọ́n ṣí i níṣojú rẹ̀. Ta ló ní wọn ò ní ṣí i? Láti 1974, nínú ẹjọ́ Wolff àti McDonnell, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé wọ́dà lè ṣí lẹ́tà agbẹjọ́rò bí ẹlẹ́wọ̀n bá ti wà níbẹ̀. Wọ́n á ṣí i, wọ́n á gbọ̀n ọ́n wò bóyá nǹkan èèwọ̀ wà nínú ẹ̀. Kíkà ni wọn kì í kà á. Kí wá ni Bíbélì onísíìpù ń wá níbẹ̀?

Ta tiẹ̀ ni agbẹjọ́rò ọ̀hún? Ajẹ́ǹtì yín á ní láti kọ orúkọ lọ́yà tí kò mọ̀ rí. Ní oṣù Kẹjọ 2024, ọ̀gá yàrá lẹ́tà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Atwater, ní California, kú lẹ́yìn tó ṣí lẹ́tà kan. Ẹ̀sùn tí ìjọba fi kan àwọn tí wọ́n mú ni pé wọ́n rẹ bébà sínú oògùn olóró, wọ́n sì dì í bíi lẹ́tà tó ti ọ́fíìsì agbẹjọ́rò wá. Irú nǹkan tí ajẹ́ǹtì fẹ́ fi ọwọ́ yín ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá já a, ọmọ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ẹlẹ́wọ̀n àpapọ̀ lè rí tó ọjọ́ 54 gbà lọ́dún fún ìwà rere, tí wọ́n á yọ kúrò nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Irú ẹ̀sùn yìí lè gbé lára rẹ̀ lọ.

Torí bébà tí wọ́n ń rẹ sínú oògùn yìí, mo bẹ yín, ẹ má ta òróró sí lẹ́tà. Oníbàárà mi kan mú èyí tí wọ́n dá padà fún un wá bá mi. Mo gbé e síbi iná: àbàwọ́n mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun bébà, ó ń dán, bírò ti ràn kiri lábẹ́ ẹ̀. Wòlíì ló ní kó ta á sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọlọ́run mọ̀ pé òróró àdúrà ni, ẹni tó jókòó sí yàrá lẹ́tà ò mọ̀. Ẹ gbàdúrà lé e lórí, ó tó. Kò gbọdọ̀ sí lọ́fínńdà, kò gbọdọ̀ sí sítíkà, owó ò sì gbọdọ̀ sí láàárín ìwé, ì báà jẹ́ náírà márùn-ún.

Ti pé wọn kì í gba Yorùbá, irọ́ ni. Ọ̀gá ọgbà ò lè ní òun ò gba ìwé torí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tàbí òṣèlú ló wà nínú ẹ̀, tàbí torí pé kò wù ú. Ó lè ní òun ò gba èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń rọ ohun ìjà, bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí, bí wọ́n ṣe ń sá lẹ́wọ̀n, tàbí èyí tí wọ́n fi àdììtú kọ. Yorùbá kì í ṣe àdììtú. Àroko ni kí ẹ fi sílé. Ẹ má so owó ẹyọ mẹ́fà mọ́ lẹ́tà pé ọkàn yín ń fà sí i.

Ní ọgbà "low", ìyẹn ọgbà tí ìṣọ́ rẹ̀ ò le púpọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè fi ìwé ẹlẹ́yìn rírọ̀ ránṣẹ́, ẹ̀yin gan-an náà, láti póòsì Òṣogbo. Ẹlẹ́yìn líle ni kò gbọdọ̀ ti ibòmíràn wá ju ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ oníwèé tàbí ṣọ́ọ̀bù ìwé. Bíbélì yín há síbẹ̀, síìpù tún dá kún un. Ẹ ra ẹlẹ́yìn rírọ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọ náà lọ sí "medium", tí ìṣọ́ rẹ̀ le jù ú lọ, lọ́la, ẹlẹ́yìn rírọ̀ náà á ní láti ti ṣọ́ọ̀bù wá. Ìwé Yorùbá tí wọn ò tẹ̀ mọ́ ńkọ́? Òfin rí tiwọn rò: ọ̀gá yúnítì rẹ̀ lè yọ̀ǹda, bí ọmọ náà bá fi ìwé hàn pé kò sí lọ́jà mọ́. Ẹ lè gba lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé ìtẹ̀wé náà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ tàbí àtìmọ́lé kaùńtì, ẹ má fi ìdáhùn yìí ṣiṣẹ́. Ní Pennsylvania, láti 2018, lẹ́tà ẹbí kì í dé ọgbà. Florida ló ń lọ, wọ́n á yà á sí kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà lásán ni ẹlẹ́wọ̀n á rí. Kaùńtì mìíràn, káàdì póòsì nìkan ni wọ́n ń gbà.

Mi ò tíì rí fáìlì ọmọ yín o, mà, ọgbà kọ̀ọ̀kan sì ní òfin tirẹ̀ lórí àwọ̀ àpòòwé àti iye ìwé. Kó bi kọ́ńsélọ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ẹ̀wọ̀n tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ tó ra sítáǹbù. Orúkọ tó wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ ni kí ẹ kọ, kì í ṣe oríkì, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀: díjíìtì mẹ́jọ, ìlà kékeré lẹ́yìn ìkarùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni nọ́ńbà yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì iléeṣẹ́ ẹ̀wọ̀n wọn. Bí ajẹ́ǹtì bá ti gbowó lórí ìyẹn náà, ẹ gbà á kún èyí tí ẹ fẹ́ gbà padà. Kí ẹ sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tiyín gan-an sí i, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n á dá a padà sí bí wọn ò bá gbà á.